Ojú Baba Ìyá Ẹlẹ́pà Nínú Ìwé Sójà

“Kà á sókè, kí gbogbo wọn gbọ́!”

Ìyá ẹlẹ́pà ti já ìwé sójà náà gbà lórí tábìlì akọ̀wé, ó tì í sí mi lọ́wọ́. Aládùúgbò wa ni ní Gbégamey, ará Kétu. Òórùn ẹ̀pà yíyan kì í kúrò lára gèlè rẹ̀, àní nínú búrò ìjọba. Láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, ni mo máa ń gbọ́ iyanrìn gbígbóná nínú agbada rẹ̀, ṣààṣà, ṣààṣà. Bó ti ń ro ẹ̀pà ló ń ro ẹjọ́ baba rẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ń kó ọkùnrin lọ sógun ní Ẹndoṣín, lọ́hùn-ún létí òkun Ìlà-Oòrùn, ọmọ olóyè ìlú wọn ló kàn. Baba Ìyá ni olóyè fà kalẹ̀ dípò, tó sì fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ pè é. Baba náà jagun dé, ikọ́ pa á lọ́dún yẹn gan-an. Ni olóyè bá ránṣẹ́ wá gba ìwé sójà rẹ̀: ṣebí orúkọ ọmọ òun ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ń tún orúkọ àwọn sójà àtijọ́ kọ; Ìyá, tí kò mọ̀wé, mú mi dání. Ọmọ olóyè ọ̀hún jókòó níwájú wa, mẹ́dàlì láyà, ẹni tí kò kọjá ìlú Pọ́bẹ̀ ní gbogbo ọdún ogun náà. Kò tiẹ̀ tijú! Ohun tí Ìyá ń fẹ́ kò ju kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé baba òun ló lọ.

Mo kà á: “Àmì ojú: ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì.”

Ìyá na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, tó ń dán bí ẹyin. “Kàmáráàdì akọ̀wé, ẹ wò ó! Ilé wọn kì í kọlà. Ilé tiwa ló ń kọ mẹ́ta. Ojú baba mi lẹ gbọ́ yẹn!”

Akọ̀wé wo ọkùnrin náà, ó wo ìwé.

“Ìyá, orúkọ ni ìjọba mọ̀. Ẹni tó kọ ìyẹn ló ṣàṣìṣe.”

Ló bá mú gègé bíìkì rẹ̀, ó pa ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ayé àwọn olóyè arẹ́nijẹ ti tán.

Mo sunkún títí a fi délé. Ìyá kò sunkún. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, o kà á kí wọ́n tó pa á rẹ́. Má gbàgbé o.”

Ìyá ti lọ báyìí. Èmi náà ti dàgbà, inú ṣì ń bí mi, n kò sì bẹ Ọlọ́run pé kó rọ̀. Ìwé irọ́ wà lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Èmi nìkan ló kù láyé tó ka ojú baba rẹ̀ rí.