Ibi Tí Òjìji Bò

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ìyàwó mi ń pè é ní Ojú Àwòdì. Nílé, kì í rí kọ́kọ́rọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé fọ́tò ilẹ̀ tí dírónù ya láti òkè fún un, á fa ìlà yí ògiri àtijọ́ àti ibojì tó sápamọ́ sábẹ́ koríko ká. Kọ̀ǹpútà á kọ́ṣẹ́ lára ìlà rẹ̀, á sì wá inú ilẹ̀ yòókù fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ní òfo ni, katakata lè wọ ibẹ̀ lọ la títì.

Lọ́jọ́rú, ó jí mi láàárọ̀. Ó ní òun ti ba nǹkan jẹ́. Mo rò pé àwo ló fọ́, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò jẹ́.

Ó ní lóṣù tí mo fi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, fọ́tò tí òjìji àwọsánmà bá bò, òun kì í fa ìlà kankan sí i, kí òun lè tètè wá bá mi. Àṣé kọ̀ǹpútà ò mọ iṣẹ́ tí a fò. Ohun tí a kò bá fa ìlà sí, òfo ló kà á sí. Ó ní òun ti kọ́ ọ pé kò sí nǹkan kan níbi tó bá ṣókùnkùn. Máàpù òkè kan tí katakata máa wọ̀ láago mẹ́wàá ọjọ́ náà ló là á lójú: gbogbo ibi tí òjìji bò níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà pè ní òfo. Ibojì lè wà níbẹ̀.

"Iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn," ló wí. "Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?"

Ká sọ tòótọ́, ó wù mí kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo gbé e sórí alùpùpù mi, a gba títì tuntun lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ kó lè yá. Mo yin títì náà pé ó dán, ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin gbọ́ ọ tán, ó pe awakọ̀ katakata pé kó dúró. Mo ti fẹ́ máa dúpẹ́.

Ó ní, "Láti oṣù yẹn, títì mélòó la ti fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí fọwọ́ sí?"

"Ẹyọ kan, ọ̀gá."

"Èwo?"

Ìyàwó mi wò mí. "Èyí tá a gbà wá láàárọ̀ yìí."

Ọ̀dà títì náà ṣì lẹ̀ mọ́ bàtà mi. N kò mọ ibi tí mo máa gbẹ́sẹ̀ lé.