Wọ́n Fi Àyè Ọkọ̀ Mi Tọrẹ

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi. Àwọn tó ń gbé aṣọ wá rán lọ́dọ̀ mi ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, mọ̀ pé ìbínú mi kì í pẹ́. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ dé lọ́jọ́ Ẹtì, tó ní ọ̀la lòun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ìkómọ, màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí i dáadáa, lẹ́yìn náà màá rán an fún un. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Mo ń bá a sùn, mo ń bá a jí.

Orí omi ni mo ń gbé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti pariwo "Háà!" báyìí. Ẹ pariwo, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ tí àwọn ará ilé mi kò tíì sọ. Ọkọ̀ onírin kan ni, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, yanrìn ni wọ́n fi ń kó nígbà kan kí ẹnìkan tó kan pákó sí inú rẹ̀, tó sọ ọ́ di ilé. Ó ní yàrá, ó ní kíṣìnnì, ó ní sítóòfù onígi tí ń mú gbogbo inú rẹ̀ móoru nígbà òtútù. Inú Kanal ló wà, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ la àárín Berlin kọjá. Tí mo bá jáde lówùúrọ̀, màá kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ, màá sì fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù mi láìwọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló gbé tapólì tó ya wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní gbogbo télọ̀ tí òun lọ bá ló lé òun jáde. Ẹ̀rọ mi lágbára, èmi náà sì lágídí. Mo rán an. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tó ní ọkọ̀ létí omi yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tapólì àti tìmùtìmù wá bá mi. Mo ń lọ wọn ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn mi. Nígbà tí ìyá náà kò lè gun àkàbà mọ́, ó ní èmi lòun fẹ́ ta ọkọ̀ òun fún. Àsìkò yẹn gan-an ni lánlọ́ọ̀dù mi ní ọmọ òun fẹ́ gba fúláàtì mi. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti lọ, ọkọ mi sì ti kú. Kí ni mo tún ń dúró dè? Mo ra ọkọ̀.

Ní ilé àtijọ́ tí mo gbé, ọkùnrin tó ń gbé lókè mi kò kí mi títí mo fi kó jáde. Bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ògiri ló ń wò. Orí omi kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, "du", ìyẹn "ìwọ", la ń pe ara wa, àgbà àti ọmọdé. Tí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ wá sí èbúté, ẹnikẹ́ni tó bá wà níta á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sáré lọ gba okùn rẹ̀, á bá a so ó, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Mo ti fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun gba okùn rí. Tí gáàsì bá tán nílé ẹnìkan, ẹlòmíràn á yá a ní ti rẹ̀. Nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo wa á jáde lọ́jọ́ Sátidé kan, a ó fọ èbúté onípákó náà, a ó kùn ún lọ́dà. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mò ń dín àkàrà fún wọn lọ́jọ́ náà, wọn kì í sì í jẹ́ kó tutù.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Èmi ni mo ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwa tí a ń gbé orí omi ló ni àyè tí mo so ó mọ́. Liegeplatz ni wọ́n ń pe àyè náà. Ní Berlin, ọkọ̀ tí kò ní Liegeplatz kò níbi tí yóò dúró sí, bí ọlọ́pàá omi bá ṣe ń lé e kúrò níhìn-ín ni yóò máa sá lọ sọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn ń tò fún un fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ní Hamburg. Ní àdúgbò St. Georg níbẹ̀ ló ti ń kó mọ́tò àti dúrọ́ọ̀mù ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. Òun ló mú mi wá sí Germany, òun ló dúró bíi bàbá níbi ìgbéyàwó mi, òun náà ló dúró tì mí níbi ìsìnkú ọkọ mi. Mi ò lè sọ pé kò ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ mi rí. Tó bá wá sí Berlin, etí omi ni yóò dúró sí pẹ̀lú bàtà dídán, á ní, "Jáde wá, ká kí ara wa."

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá sọ́dọ̀ àwọn kí òun lè tọ́jú mi, mo sì lọ. Kí n tó lọ, mo sọ fún alága ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà kó tó fẹ̀yìntì, pé mò ń lọ gba ìtọ́jú, tí mo bá ti lè rìn, mo ń padà bọ̀. Ó ní kí n má mikàn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú mi gan-an, Ọlọ́run á tọ́jú òun náà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ lọ rí oníbàárà kan ní Berlin, òun á bá mi yọjú wo ọkọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún un kó tó jáde nílé!

Nígbà tí mo padà dé Berlin, tí mo ti ọ̀pá dé etí omi, ọkọ̀ aláwọ̀ òféèfèé kan ló wà ní àyè mi. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń mu kọfí. Wọ́n juwọ́ sí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣìnà ni. Ìpẹ̀kun èbúté ni mo ti wá rí tèmi, níbi tí wọ́n ń fi àwọn àlejò sí, tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Kò sí wáyà iná lára rẹ̀. Ata tí mo gbìn sínú ike lórí òrùlé rẹ̀ ti gbẹ.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí mi. Ó ní, "O mà ti ń rìn! Ṣé o wá kó ẹrù rẹ ni?"

Mo ní, "Ẹrù wo?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Ó ní ara rẹ kò gbé e mọ́, pé Hamburg lo ń gbé báyìí. Òun ló fọwọ́ sí i pé kí á gba àyè náà padà."

"O ò wá pè mí?"

Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó ní, "Ó ṣàlàyé pé nínú àṣà yín, àgbà ìdílé ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé. A kò fẹ́ tàbùkù àṣà yín."

Ẹ gbà mí o! Ní Germany yìí kan náà, tí wọn kì í fún mi ní páálí mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tí n kò bá fi Ausweis, káàdì ìdánimọ̀ mi, hàn, tí ojú mi àti àwòrán mi gbọ́dọ̀ bára mu! Ní Germany yìí ni ọkùnrin tí wọn kò rí rí ti wá láti Hamburg, ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì gbé ilé lé e lọ́wọ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n òyìnbó kan ló wá fi àyè àbúrò rẹ̀ obìnrin sílẹ̀ báyẹn, wọn ì bá pe ọlọ́pàá. Èmi tí mo kun èbúté yín, tí mo rán gbogbo tapólì tó bo orí yín, ẹ ní nọ́ńbà mi lórí fóònù. Ta ló pè mí? Wọ́n ní àṣà ni. Àṣà ta ni? Nínú àṣà tèmi, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìyẹn ni wọn kò bi ẹnikẹ́ni.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Hamburg. N kò kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo orúnkún mi, ó rò pé ìrora rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìrora.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ lọ sọ ní Berlin?"

Kò sẹ́. Ó mú mi lọ sókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí yàrá kan. Ó ti kùn ún, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì, ó ti tẹ́ ẹ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun. Ó ní, "Wò ó, your own room. Ìyàwó mi á máa wò ẹ́. Tí o bá ṣubú sínú omi yẹn in winter ńkọ́, ta ló máa yọ ẹ́?"

"Ẹ ò bi mí, Bọ̀dá."

"Kí n bi ẹ́ kí o sọ kí ni? Inside church, in front of everybody, wọ́n ní abẹ́ bridge ni àbúrò mi ń gbé. Àbúrò tèmi, homeless? God forbid! Ṣé mo ní mi ò lè bọ́ ẹ ni?"

Mo ní, "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí."

Ó ní, "Ta ló gbé orí náà wá sí Germany?"

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ni, òun ló gbé e wá, pé bẹ́ẹ̀dì yẹn sì wù mí í sùn sí nítorí ó ti rẹ̀ mí. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Mo padà sí Berlin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Ahéré onípákó tó wà létí omi ni a ti ń ṣèpàdé. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ pẹ̀lú German tí mo ní, mo sọ pé èmi kò fi àyè mi sílẹ̀, pé ẹni tó fi sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ń mi orí. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ó ṣòro. Òmíràn ní bóyá kí a kọ́kọ́ yanjú rẹ̀ nílé. Tọkọtaya tó ní ọkọ̀ òféèfèé ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, àwọn á kúrò, àwọn á dúró lápá àlejò títí àyè mìíràn á fi ṣí. Àwọn nìkan ni wọ́n wo ojú mi sọ̀rọ̀. Alága ṣì ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé òun tó nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wọlé, tòun ti kóòtù àti táì. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a jà, mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀. Kò wò mí. Ó kí wọn, ó ní, "Ich nehme es zurück," ó ní òun ti yí ọ̀rọ̀ òun padà, pé kí wọ́n fún àbúrò òun ní àyè rẹ̀.

Ojú gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ tí kò yé wọn, ó yé wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sókè, gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ parí. Alága kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ṣé ẹ fara mọ́ ọn báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ja," bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo dìde. Mo ní, "Nein," rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ó ní, "Jókòó, jọ̀ọ́. Wọ́n ti fún ẹ. Kí lo tún fẹ́?"

N kò jókòó. Mo ní, "N kò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ mi kí ẹ wá lọ bi òun bóyá kí ẹ dá a padà. Èmi ni kí ẹ bi."

Ojú alága pọ́n. Ó yí àga rẹ̀, ó wá wò mí. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ àyè rẹ padà?"

Mo ní, "Ja."

Ohun kan náà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ni. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró gba omi lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti dójú ti òun níwájú àwọn òyìnbó, lẹ́yìn tí òun ti ìlú òkèèrè wá tìtorí mi, ó sì lọ. Kò tíì pè mí láti ìgbà yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè mí, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pè é, kí n bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ni, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Mo ní kò burú, màá pè é. N kò tíì pè é.