Àlejò Ni Wọ́n Pe Ẹni Tó Fi Ẹ̀yìn Gbé Ẹrù Wọn

Ìwọ̀n kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lórí àga onígi tó ti ń sùn sí fún ọdún mẹ́ta, torí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà kó dùbúlẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Ó bi í bóyá kóun gbé tíì wá. Kò dáhùn. Ìyàwó rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, torí ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Ìwọ̀n. Ilé ìkẹ́rùsí tó fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n ti fún un. Bó bá ti gbé páálí sókè báyìí, yóò ní, "Kílò méjìlélógún, ó lé díẹ̀." Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Ilé kan náà la jọ ń gbé, ògiri kan ló là wá láàárín. Lọ́jọ́ tí mo kó wọlé, òun nìkan ló gbé fìríìjì mi gun àtẹ̀gùn, tó ń bi mí bóyá òkúta ni mo ń tọ́jú sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe pa á. Mo mọ ohun tí mo sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìjàǹbá náà, ọkọ̀ agbẹ́rù fẹ̀yìn gbá ẹsẹ̀ àgbékà irin kan tí wọ́n ń to ẹrù lé, irin náà sì wọ́. Ìwọ̀n lọ bá ọ̀gá tó ń darí wọn. Ìwọ̀n ló kọ́ ọ̀gá yìí níṣẹ́ o. Òun ló fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún gbẹ́rù, kí ẹ̀yìn má baà dá.

"Àbúrò, àgbékà yẹn fẹ́ wó. Jẹ́ ká sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká kó tọ̀sẹ̀ yìí jáde ná."

Tọ̀sẹ̀ yìí jáde, tọ̀sẹ̀ kejì jáde. Lọ́jọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀, aago ìparí iṣẹ́ ti dún, Ìwọ̀n ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ké sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù." Ó padà. Ta ni wọ́n máa pè ní ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ tí kò ní padà? Àgbékà wó, páálí táìlì sì ya lé e lẹ́yìn.

Omi ti lé sí mi lójú nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, àfi bó ṣe ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé ẹrù. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹrù ní kóun náà gbé mi, kò mọ̀ ọ́n gbé!" A jọ rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé wọn ò ní fi òun sílẹ̀. Ọkàn tèmi náà balẹ̀.

Ṣebí òfin ní ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú? Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà, èmi ni mo sì dì í mú dé ọ́fíìsì ilé ìkẹ́rùsí náà. Akọ̀wé ṣí fáìlì, kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Bàbá, aago mẹ́rin niṣẹ́ parí. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni ẹrù wó. Lákòókò yẹn, àlejò lẹ jẹ́ nínú ọgbà wa."

Àlejò! Àlejò wo lẹ ti rí tó ń bá onílé kó táìlì sọ́kọ̀?

Ìwọ̀n ní kí wọ́n pe ọ̀gá òun wá, ẹni tó ké sí òun padà. Akọ̀wé yí ìwé kan síwájú wa. Ọ̀gá ti kọ ọ́, ó ti fọwọ́ sí i: òun kò pe ẹnikẹ́ni padà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún òun rí pé àgbékà wọ́.

"Àbúrò mi ló kọ èyí?" Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tá a délé, kò jẹun, kò ṣẹ̀fẹ̀, ó kàn kọjú sí ògiri.

A wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó ṣèṣe. Àwọn náà ò sọ pé gbà, wọn ò sọ pé má bínú. Èmi wá ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé, "Ẹ ní sùúrù." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Sùúrù wa gan-an ni wọ́n ń fẹ́, kí egbò lè bá wọn parí iṣẹ́ tí páálí bẹ̀rẹ̀. Egbò tí ìjókòó ọdún mẹ́ta dá sí i lára ló sì pa á, ó kẹ̀, ó wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà tá a sin ín, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìjọba yẹn. Kó wá kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Kó má rán ẹnikẹ́ni, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Bí kò bá yọjú, wọn yóò pa fáìlì rẹ̀ dé.

Ìyàwó rẹ̀ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ṣé kí n lọ hú u fún wọn ni?"



Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi òòlù lu irin yẹn tọ́, wọ́n sì ti tún kó ẹrù lé e. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ìkẹ́rùsí, ẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀ lónìí. Kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ gbé àwòrán ọjọ́ náà síta, ká rí ẹni tó ń lọlé tí wọ́n ké sí padà. Ẹ̀yin ọ́fíìsì ìjọba, ẹ sọ orúkọ ẹni tí fáìlì yìí sùn sórí tábìlì rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ìwọ ọ̀gá ńkọ́? Ìwọ tó o ní ẹ̀gbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kù kan, tó ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́ nígbà tí bírò dé ọwọ́ rẹ? Ìyàwó Ìwọ̀n wà nílé. Mú ìwé tó o fọwọ́ sí dání. Wá jókòó síwájú rẹ̀, kó o sì kà á sókè, kó gbọ́.