Má-san-án, Olóòótọ́ Àdúgbò Wa

Kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ilé rẹ̀ dojú kọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fọṣọ fún aráyé, èmi ni mo sì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kọ́là rẹ̀ kì í dọ̀tí. Ẹni tó ń rìn nínú eruku àti òógùn bíi tiwa, tí kọ́là rẹ̀ kì í dọ̀tí, ẹ fura sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Á kó aṣọ wá, á kí mi, á sanwó pé, á sì máa lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ mọ́tò tó ní jàǹbá wò, kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè mọ̀ bóyá kí àwọn sanwó tàbí kí àwọn má san án. Èyí tó bá ní kí wọ́n san kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Má-san-án. Ó mọ orúkọ náà. Bí àwọn ọmọdé bá pè é bẹ́ẹ̀, á dá wọn lóhùn, á tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé wọn.

Èyí tó mọ̀ dunjú jù lọ ni ẹjọ́ àwọn tó ń kọ́ mọ́tò. Òfin ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ dá wakọ̀. Ẹni tó ti gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá gbé mọ́tò jáde, tó lọ kọ lu nǹkan, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ò ní yọ kọ́bọ̀. Nítorí náà, ìdílé tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kì í pẹ́ rí ẹ̀gbọ́n tàbí àna kan tó "wà níbẹ̀". Má-san-án kì í bá wọn jiyàn. Á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, á bẹ̀rẹ̀, á sì wo ìjókòó náà títí bíi dókítà tó ń wo ọ̀fun ọmọ.

Ó ṣe é fún mi rí. Àbúrò mi ọkùnrin ló dá gbé mọ́tò tí mo fi ń kó aṣọ fún àwọn oníbàárà, ó lọ fi gbá òpó iná. A fẹnu kò nílé pé ọkọ mi ló jókòó tì í. Káfíńtà ni ọkọ mi, ó sì sanra débi pé àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn máa ń ké lábẹ́ rẹ̀. Má-san-án ṣí ilẹ̀kùn. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà wà lórí ìjókòó náà bí mo ṣe tò wọ́n, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí èyí tó rún.

Ó ní, "Ìyá Alágbàfọ̀, ọkọ yín yìí ló jókòó lórí èyí?"

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló tú mi láṣìírí; ká ní ọ̀lẹ ni mí ni, wọn ì bá ti sanwó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ru aṣọ kiri lórí. Irọ́ ni mo pa, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá kú ká ní ó gbójú kúrò? Mo kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ náà, mo sì ń gba aṣọ rẹ̀ nítorí pé oníbàárà ni oníbàárà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Má-san-án bí, ọmọ náà sì ń kọ́ mọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ mú kọ́kọ́rọ́. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rí i tó yọ ní géètì, pátákó akẹ́kọ̀ọ́ ń mì lẹ́yìn mọ́tò, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ń sọ pákó kalẹ̀ lẹ́bàá títì. Ọmọ náà fẹ́ tẹ bíréèkì, kì í ṣe bíréèkì ló tẹ̀.

Eegun itan ọkọ mi dá sí méjì. Dókítà ní àfi kí wọ́n fi irin tò ó, kí wọ́n sì tètè ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà á kúrú. Owó tí wọ́n pè, bí a bá ta ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀ pọ̀, kò ní tó. Owó adójútòfò mọ́tò Má-san-án nìkan ló lè gbà wá.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ sáàárín aṣọ ìdọ̀tí.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ń rán ẹnì kan bọ̀ lọ́la láti ọ́fíìsì. Ẹ bá wa sọ pé Dádì wà nínú mọ́tò yẹn. Ẹ̀yin lẹ fojú rí i, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbà gbọ́. Wọ́n á tọ́jú ẹsẹ̀ ọkọ yín, ọmọ mi náà ò sì ní ṣẹ̀wọ̀n."

"Dádì fúnra wọn ńkọ́? Wọ́n gbà?"

"Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wolẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ pé bó ti wù kí èèyàn le tó, bó bá kan ọmọ rẹ̀, á rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó wá láti ọ́fíìsì, Má-san-án gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè é ní ọ̀gá. Kò tilẹ̀ sún mọ́ mọ́tò náà. Ó yíjú sí mi.

"Ìyá, ẹ rí wọn níbẹ̀?"

"Mo rí wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ wọn ni wọ́n jókòó sí."

"Ó tán nìyẹn. Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i."

Má-san-án gba bírò. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì dá bírò padà.

Ó ní, "Mi ò sí níbẹ̀. Inú balùwẹ̀ ni mo wà. Ọmọ mi nìkan ló wà nínú mọ́tò. Irọ́ ni obìnrin yìí ń pa."

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tèmi ló ti pè mí ní òpùrọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ náà tó ti ń sunkún láti àárọ̀ gbójú sókè, ó ń wo bàbá rẹ̀.

Ọ́fíìsì ò san nǹkan kan. Ọlọ́pàá wá mú ọmọ náà. Má-san-án ta mọ́tò, ó ta ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé, ó sì kó owó náà wá fún wa ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rí ẹni rà á. Eegun ti so pọ̀ bó ṣe wù ú.

Ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Àwọn tí mo ti ní kí wọ́n má san fún pọ̀," ó ń sọ fún ọkọ mi. "Bí mo bá purọ́ nítorí ọmọ tèmi, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Ọkọ mi kì í bá èèyàn jà.

Ó ní, "Ẹ̀ bá ti lọ bẹ̀ wọ́n."

Má-san-án kó owó náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì jáde.

Ní báyìí, àdúgbò ń yìn ín. Wọ́n ní olóòótọ́ ìlú ni ìkà ìlú, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín bíi pé ọ̀rọ̀ ìyìn ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, kò padà sílé bàbá rẹ̀. Ọkọ mi ń tiro lọ síbi iṣẹ́. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mi ò sì ní dárí jì í.