Sàlàkọ́ àti Síìlì Tó Kù Ṣoṣo

Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sàlàkọ́ ń lo tirẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ládùúgbò Lotto, ní Mowe, tó kọ́lé sí lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bó bá ra ìṣáná, yóò ka igi inú rẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ rẹ̀, jáàkì, táyà, gbogbo wọn ló fi ìṣó ha lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí lára, kí mẹkáníìkì má baà fi jákujàku rọ́pò ojúlówó.

Lọ́dún 2004, Pijó 504 rẹ̀, tó ti lé lógún ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì. Àkókò tó burú ni. Ìyá tó bí ìyàwó rẹ̀, Wúràọlá, ń ṣàìsàn n'Ífọ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fojú kan ọmọ òun. Orúnkún Wúràọlá kò jẹ́ kó lè máa gun bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn. Bí Pijó kò bá rìn, ìyá àtọmọ lè má ríra mọ́.

Àbúbákr, mẹkáníìkì wọn n'Íbàfò, wo abẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá, síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló ti gbó, rọ́bà roboto tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú. A máa pààrọ̀ gáásíkẹ́ẹ̀tì náà, pépà líle tó wà láàárín irin méjì. Ẹ jẹ́ kí n bá yín rà wọ́n."

"Kí ìwọ àti ọlọ́jà lè jọ pín in?" ni Sàlàkọ́ dáhùn. "Pańsá ò fura, pańsá já sínú iná. Yọ ti àtijọ́ fún mi, èmi fúnra mi ni màá lọ."

Ó rí gáásíkẹ́ẹ̀tì rà n'Íbàfò, lẹ́yìn tó ti fi ti àtijọ́ lé e lórí títí ọlọ́jà fi mí kanlẹ̀. Síìlì ni kò sí. Ẹnì kan mú èyí tó fẹ̀ jù wá, ó ní yóò súnkì bó bá gbóná. Sàlàkọ́ jáde láì dágbére.

Wọ́n júwe Bàṣírátù fún un n'Ífọ̀, opó kan tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà Pijó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Obìnrin náà wọn síìlì àtijọ́, ó gun àga, ó mú tuntun kan wálẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tó ti pọ́n.

"Ọ̀kan ṣoṣo tó kù nìyí, Bàbá."

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò rà á látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni Ọlọ́run fi í pa mọ́ fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dẹ́rù bà á, nítorí ó gbà pé ẹni tó bá ti dárúkọ Ọlọ́run nídìí ọjà ti fẹ́ luni ní jìbìtì. Ó tẹ rọ́bà náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn. Kò rí àléébù kankan, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Ó rà á, ó sì kánjú wọkọ̀ gbé e wálé láì yà wo ìyá ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó mú ìṣó. Síìlì tó ṣọ̀wọ́n báyìí, Àbúbákr lè tà á fẹ́lòmíràn. Bí òun bá sì ha lẹ́tà sí ìta, olè á rí i. Ló bá ha á sí ẹnu inú, níbi tí rọ́bà ti ń fara kan irin. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti Àbúbákr látàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dìde lọ tọ̀. Kó tó padà, síìlì ti wọlé.

Láàárọ̀ Sátidé, Wúràọlá di oúnjẹ ìyá rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n gbéra. Ìbàfò ni wọ́n dé tí iná tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì ń tán fi tàn níwájú Sàlàkọ́. Sàlàkọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù Àbúbákr, kò tíì bọ́ sílẹ̀ tó ti ń pariwo.

"Olè! Ìgbà tí mo lọ tọ̀ lo ráyè pààrọ̀ síìlì mi!"

Àbúbákr wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó tú jíà sílẹ̀, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta, ó yọ síìlì, ó fi àkísà nù ún.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ibi tí wọ́n ha yìí ni ọ́ìlì ń gbà jáde. Mi ò rí i nígbà tí mò ń kì í. Lẹ́tà ni, sà. Ta ló kọ ọ́?"

Ojú ti Sàlàkọ́ débi pé etí rẹ̀ gbóná. Wúràọlá, tó ti ń gbé abọ́ oúnjẹ lé itan látàárọ̀, wo rọ́bà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Àyànfẹ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti bá yín gbé. Ibo lẹ ha lẹ́tà yín sí lára mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àbúbákr wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Dátsún rẹ̀ jáde.

"Ẹ gbé tèmi, sà. Epo wà ńbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Màmá pẹ́ jù báyìí lọ."

Kò bèèrè ohun ìdógò, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé wọn. Síbẹ̀, ọkàn Sàlàkọ́ fọhùn: kí ló fẹ́ yọ nínú ẹ́ńjìnnì mi tó fi ń lé mi lọ? Ó gbọ́ èrò náà, ó sì kórìíra ara rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ Pijó lé Àbúbákr lọ́wọ́, ó ní, "Má bínú sí mi."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Ifọ̀. Ìyá ṣì wà láàyè, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ará ilé ní títí di ọ̀sán ló ń sọ̀rọ̀ ketekete, tó ń pe Wúràọlá. Sàlàkọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.