Orin Ìyá Tí Màmá Mi Kò Fẹ́ Gbọ́

Èmi ò mọ ohun tó ń ṣe mí, àmọ́ orin tó bá ti ní ìbànújẹ́ nínú ni etí mi ń fẹ́. Báwọn ẹgbẹ́ mi bá ń jó sí orin tó lòde, èmi á jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú, màá máa gbọ́ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde nílé, tó ń fi gìtá bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Ó ti ń bẹ̀ ẹ́ látìgbà tí mo ti wà ní kékeré, obìnrin yẹn ò tíì padà. Mo tún fẹ́ràn obìnrin kan tó ń kọrin nípa ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi pé ó fẹ́ sunkún, àmọ́ èébú tó ń bu ọ̀rẹ́ náà kò gbọ̀n rárá. Àwọn tó bá wá gba káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́ mi á ní, "Bọ̀dá, ṣé kò sí?" Màá ní kò sí o, ayé ń dùn mọ́ mi ni.

Ọ̀gá gbogbo wọn lójú mi ni orin tí ọkùnrin kan ní Abúlé Òkúta fi ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ka gbogbo oore ìyá náà, ó wá béèrè pé ta ni yóò máa bá òun wí báyìí. Tó bá ti débẹ̀, omi á lé sí mi lójú. Nílé tiwa, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láàyè kì í kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ṣèèṣì kọ ọ́ níbi tí mo ti ń fọ abọ́ lọ́mọdé, màmá mi á béèrè láti yàrá pé, "Ṣé mo ti kú ni?" Èmi á sáré bọ́ sórí orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ gbogbo èyí, mo ṣì lọ fi orin náà sí fóònù mi, kó máa dún tí màmá mi bá ti pè. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Àṣé àìgbọ́n ni.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù láti ilé wọn ní Fọlá Àgorò. Mò ń wá fóònù mi kiri. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n bá ẹ pè é." Wọ́n pè é. Lábẹ́ òkìtì bébà, ọkùnrin Abúlé Òkúta bú sẹ́kún ìyá rẹ̀ tó ti lọ. Màmá mi wo fóònù ọwọ́ wọn, wọ́n wo òkìtì bébà, wọ́n gbé báàgì wọn. "O ti sin mí tán," ni wọ́n sọ, wọ́n sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi gbé ìpè mi. Kúlà oúnjẹ tó máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé kò wá. Wọ́n sọ fún àbúrò mi pé tí àwọn bá kú, kó tètè pè mí, torí mo ti ní orin nílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àyà mi já. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn kò dáa. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n nígbà tí wọ́n gbà pé ikú wọn ni mò ń retí ńkọ́?

Mo bá lọ wá olórin náà ní Abúlé Òkúta kó wá bá mi bẹ̀ wọ́n. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó nítòsí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ẹ kí màmá mi."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Mo ní, "Àwọn tó wà nínú orin?"

Ìyá náà dáhùn fúnra wọn: "Èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Tí mo bá kú tán, etí wo ni n ó fi gbọ́? Ó tiẹ̀ gbàgbé ikọ́ fée tí mo tọ́jú fún un, mo ní kó lọ tún un kọ."

Ìyá náà ni mo bẹ̀ pé kí wọ́n bá mi dé ọ̀dọ̀ màmá mi, mo fi ọmọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú fíríìjì. Àwọn ìyá méjèèjì wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ariwo, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín. Nígbà tí màmá mi jáde, wọ́n dúró níwájú mi.

"Ó dáa. Tèmi dà?"

"Tiyín bí i ti báwo, mà?"

"Ìyá olóríire lo gbé sí fóònù. Ìyá yẹn tọ́jú ikọ́ fée. Èmi ńkọ́? Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Gbogbo orin tó wà lórí mi, kò sí èyí tó ràn mí lọ́wọ́. Ojú tì mí gan-an. Oore ìyá oníyàá ni mo há sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo ní, "Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ẹ máa ń fi kẹrosíìnì nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó jẹun. Mo ti tó géńdé nígbà yẹn. Ìka kọ̀ọ̀kan, ẹ ó nu ún."

Màmá mi fa àga, wọ́n jókòó.

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni," wọ́n ní. "Máa bá a lọ."