Ògiri Ẹ̀yìn Ilé Tíṣà Àpèkẹ́

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní Ìlaròó pé olùkọ́ obìnrin kan fi yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli gbé ògiri tó fẹ́ wó dúró, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n mú mi débẹ̀.

Àpèkẹ́ Ọdẹkúnlé ni olùkọ́ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìjọ kó tó fẹ̀yìn tì ní 1987. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé alámọ̀ tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀. Òjò ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, ògiri náà sì ti ń tẹ̀ síta.

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ká ju iṣẹ́ kan lọ: yálà kó tún ilé ṣe, tàbí kó kọ́ yàrá méjì fún ayálégbé. Ọlájídé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti bá a yan èyí tó wù ú.

"Ìyàwó wa, ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé yìí, kí ẹ kùn ún lọ́dà. Ilé bàbá wa kọ́ ni àlejò á máa gbé garawa omi gbà kọjá. Tí ògiri yẹn bá sì wó, ẹ di ẹrù yín, ẹ lọ bá Ọmọ́délé ní Ìdí-Ìrókò."

Ọmọ́délé ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Inú yàrá kan lòun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta há mọ́.

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi," ni Tíṣà dáhùn, lórí ìkúnlẹ̀.

Ọlájídé yìí ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí, ó sì ti jẹ ẹgba lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìṣirò. Ṣùgbọ́n Tíṣà bá a nílé ọkọ, ọkọ ló gbọ́dọ̀ máa pè é.

Ó rìn yí àdúgbò ká, ó ń wo àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Kí òjò ọdún méjì tó rọ̀ tán, sìmẹ́ǹtì á ti máa ṣí kúrò lára amọ̀ bí èèpo ẹyin.

"Gbogbo wa là ń rí i," ó sọ fún mi, "síbẹ̀ gbogbo wa là ń rẹ́ ẹ. Ojú ayé ni."

Ó pe Ọ̀ṣunníyì, biríkìlà. Ìyẹn fẹ́ kọ́ yàrá méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya bó ṣe fẹ́ kó rí sórí ilẹ̀: kí yàrá tuntun fara ti ògiri tó ń tẹ̀, kí ilẹ̀kùn wọn sì kọjú sí ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Màmá, búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ kì í di ara wọn mú."

"Ta ló ní kí wọ́n dì mú? Ògiri àárín yàrá méjèèjì yìí ni kó ti amọ̀ náà dúró. Páànù á bo gbogbo rẹ̀. Níbo lòjò á ti tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ?"

"Fèrèsé yàrá yín ńkọ́? Ẹ ń dí i pa nìyẹn."

"Dí i. Mo ti gba atẹ́gùn tó."

Ọ̀ṣunníyì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, inú sì bí Ọlájídé. Ó rẹ́ ilé alámọ̀ tirẹ̀, ó kùn ún láwọ̀ ewé, ó sì ń ké sí àwọn tó ń kọjá: "Ẹ wá wo ilé!"

Ní oṣù kẹfà 1988, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, sìmẹ́ǹtì ilé Ọlájídé já lulẹ̀ tòun ti ọ̀dà, amọ̀ tó ti rin sì tẹ̀ lé e. Nílé Tíṣà, àwọn ayálégbé ń kàwé ìdánwò lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Nígbà tí èmi náà débẹ̀, mo fi èjìká ti ògiri náà. Mo tún fi ẹsẹ̀ ta á.

"Ẹ rọra o, oníròyìn," Adéjọkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé, pariwo. "A ti san owó ọdún kan!"

Ògiri náà kò mì. Mo bi Tíṣà bóyá yóò rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

"Nígbà yẹn, owó yàrá á ti kọ́ òmíràn."

Ó wá sọ bí Ọlájídé ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, tòun ti fìlà tó rin gbingbin. Kò pè é ní ìyàwó wa.

"Tíṣà, ẹ dákun, níbo ni mo ti lè rí biríkìlà yín?"

Tíṣà kúnlẹ̀ kí i bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ kọ́kọ́ bá mi mú ṣọ́ọ̀kì yẹn wá."

Ó mú un wá.